Daniel David Palmer

Daniel David Palmer, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí D. D. Palmer (ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1845 – ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1913), jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó di ará Amẹ́ríkà, tó sì dá ọ̀nà ìtọ́jú tí à ń pè ní chiropractic sílẹ̀ ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lọ́dún 1895. Nínú ìtọ́jú yìí, ọwọ́ ni olùtọ́jú fi ń ti àwọn oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn, tó fi ń tẹ̀ wọ́n tàbí tó fi ń yí wọn díẹ̀. Kì í lo oògùn, kì í sì í fi abẹ ya ara. Lóde òní, ẹ̀yìn ríro ni ó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ chiropractic. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ríro ni Palmer kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà wò. Adití ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí ó ròyìn rẹ̀, ó sì gbàgbọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ pé ọ̀nà tí òun rí lè wo èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ẹ̀dá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Palmer ní Pickering, nítòsí ìlú Toronto, ní agbègbè tó ń jẹ́ Ontario lónìí. Thomas Palmer ni orúkọ bàbá rẹ̀, Catherine McVay sì ni ìyá rẹ̀. Àdúgbò Port Perry ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n sì ti gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òwò bàbá rẹ̀ kò gún mọ́, ẹbí náà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Daniel àti arákùnrin rẹ̀ Thomas dúró sẹ́yìn láti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí lọ, tí Daniel sì ti pé ọmọ 20 ọdún, àwọn méjèèjì gbéra, wọ́n tẹ̀lé àwọn òbí wọn kọjá ààlà pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan.

Iṣẹ́ tí Palmer ṣe kí ó tó di oníwòsàn pọ̀. Ó ṣe olùkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Ní àwọn ọdún 1870, ó dáko sí New Boston ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó ń sin oyin níbẹ̀, ó sì ń ta irúgbìn èso raspberry kan tí ó sọ ní Sweet Home. Òtútù ọdún kan tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ pa àwọn oyin rẹ̀, ó sì fi oko sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ ṣí ìsọ̀ oúnjẹ sí What Cheer, ní Iowa. Ìlú kékeré yìí ni wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bartlett Joshua, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1882. Ọmọ yìí, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí B. J., kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Palmer fẹ́ ìyàwó ju ẹyọ kan lọ ní ayé rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì rí i bí bàbá tó rọrùn láti bá gbé.

Ìwòsàn òòfà

Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníwòsàn tó ń sọ pé agbára kan bí ti òòfà ń ṣàn láti ọwọ́ àwọn lọ sínú ara aláìsàn pọ̀ ní àáríngbùngbùn Amẹ́ríkà. Ẹni tó lókìkí jù nínú wọn ní Iowa ni Paul Caster, ará ìlú Ottumwa. Palmer gba iṣẹ́ yìí lọ́nà tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Burlington lọ́dún 1886, ó sì kó lọ sí Davenport lẹ́bàá odò Mississippi ní ọdún 1887, níbi tó ti gba iyàrá púpọ̀ nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ryan Block, ní igun òpópónà Brady àti òpópónà kejì.

Kò yẹ kí a fi ojú ẹlẹ́tàn lásán wo Palmer ní àkókò yìí. Àwọn dókítà ìgbà ayé rẹ̀ ṣì ń fún ènìyàn ní oògùn tó ní májèlé nínú, bíi mẹ́kúrì, ẹni tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn lè má bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Oníwòsàn tí kò ju kí ó gbé ọwọ́ lé ara lọ kò pa ẹnikẹ́ni lára, èyí nìkan sì tó láti mú kí èrò wá. Palmer yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà kan: kì í fi ọwọ́ pa gbogbo ara. Ó máa ń wá ojú ibi tí ó gbà pé àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni yóò sì gbájú mọ́.

Harvey Lillard

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895 ni àwọn oníṣẹ́ chiropractic ń kà sí ọjọ́ ìbí iṣẹ́ wọn. Harvey Lillard, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni ó ń tọ́jú ilé Ryan Block, tó ń gbá a, tó sì ń nù ún. Etí rẹ̀ ti di fún nǹkan bí ọdún 17. Gẹ́gẹ́ bí Palmer ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Lillard sọ fún un pé òun bẹ̀rẹ̀ níbi tó há, òun ń lo agbára, ni òun bá gbọ́ tí ohun kan yẹ̀ ní ẹ̀yìn òun, láti ìgbà náà ni òun kò sì ti gbọ́ràn dáadáa mọ́. Palmer yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rí eegun kan tó yọ gọnbu, ó rọ̀ ọ́ kí ó dojú bolẹ̀, ó sì ti eegun náà padà sí àyè rẹ̀. Ó ní Lillard bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ojú pópó.

Ìtàn tí ọmọbìnrin Lillard sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún kò bá èyí mu. Ó ní bàbá òun ń dápàárá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìta yàrá Palmer, Palmer sì wá gbọ́ ìparí àpárá náà. Ẹ̀rín pa á débi pé ó fi ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbá Lillard lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Lillard wá sọ pé òun ń gbọ́ràn sí i. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí náà ìtàn méjèèjì ni a ní. Ohun tó dá àwọn onímọ̀ ìṣègùn lójú ni pé iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ kò gba ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá. Inú agbárí ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹni tí àyà ń yọ lẹ́nu wá. Palmer wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti eegun kan, ara sì tu aláìsàn náà. Láti orí àwọn méjì yìí ni ó ti dé orí ẹ̀kọ́ rẹ̀: bí ìdí àìgbọ́ràn àti ti àìsàn àyà bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí ìdí àwọn àìsàn yòókù kò fi ní jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ènìyàn méjì kéré púpọ̀ láti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ó gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ẹni tó sọ iṣẹ́ náà lórúkọ ni Samuel Weed, àlùfáà kan tó jẹ́ aláìsàn Palmer. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọwọ́ àti èyí tó túmọ̀ sí ṣíṣe; ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ni orúkọ náà ń wí.

Palmer kọ́ni pé nígbà tí eegun ọ̀pá ẹ̀yìn bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, yóò dí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara lọ́wọ́, ẹ̀yà ara tí iṣan náà ń lọ bá yóò sì ṣàìsàn. Ó ka ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àìsàn sí èyí tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá. Ìdá 5 tó kù, ó ní ó ti àwọn oríkèé mìíràn wá. Ó gbà pé ọgbọ́n àbínibí kan wà nínú ara, tí í ṣe ìpín láti ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá, tó ń tọ́jú ara fúnra rẹ̀ bí ojú ọ̀nà iṣan bá ṣí sílẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé ẹ̀mí dókítà kan tó ti kú tipẹ́, Jim Atkinson, ni ó fi ìmọ̀ náà han òun. Ẹni tó bá mọ bí àwọn onísègùn ilẹ̀ Yorùbá ṣe máa ń sọ pé ojú oorun ni wọ́n ti fi ewé kan han àwọn kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ọwọ́ Andrew Taylor Still ni ó ti jí ìmọ̀ náà, nítorí Still ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú eegun àti oríkèé tó ń jẹ́ osteopathy ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri, láti ọdún 1892. Palmer kò gbà. Bẹ́ẹ̀ ni kò pe ara rẹ̀ ní ẹni àkọ́kọ́ tó to eegun ẹ̀yìn rí. Ohun tí ó ní ó jẹ́ tòun ni lílo àwọn ọ̀pá kéékèèké tó yọ lára eegun náà láti fi tì í.

Ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lè pa ènìyàn lára jù ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nítorí pé kò gbà pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa àrùn, ó ta ko abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ìgbóná pátápátá. Ní àwọn ọdún kan náà, ní Èkó, Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Iléṣà, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti gbógun ti ìgbóná yìí kan náà. Ọ̀nà Sàpárà ni ayé tẹ̀lé. Ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ti mú àrùn náà kúrò láyé.

Ilé ẹ̀kọ́, ẹjọ́ àti ẹ̀wọ̀n

Ní ọdún 1897 ni Palmer ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí Davenport. Akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà oníwèé-ẹ̀rí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá. Ọmọ rẹ̀ B. J. gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1902. Láìpẹ́, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, pàápàá Solon Langworthy ní Cedar Rapids, Palmer sì bá wọn jà nínú ìwé títí.

Òfin Iowa kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wo aláìsàn láìní ìwé àṣẹ dókítà. Ní ọdún 1906, wọ́n dá Palmer lẹ́bi. Owó ìtanràn dọ́là 350 tàbí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 105 ni ilé ẹjọ́ ní kí ó mú. Ó lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yan ẹ̀wọ̀n, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá san owó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Lẹ́yìn ọjọ́ 23 nínú túbú, ó san owó náà, ó sì jáde. Òun ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan: ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún oníṣẹ́ chiropractic ni wọ́n tì mọ́lé ní Amẹ́ríkà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1907, ní La Crosse ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, agbẹjọ́rò Tom Morris gba Shegetaro Morikubo, ọmọ ilẹ̀ Japan tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Palmer, sílẹ̀ nípa ṣíṣe àlàyé pé chiropractic kì í ṣe ìṣègùn, kì í sì í ṣe osteopathy, bí kò ṣe ohun kan tó dá dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ náà ti di ọ̀rọ̀ yìí mú bí asà. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè bá àwọn onímọ̀ ìṣègùn jókòó láti yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Bàbá àti ọmọ

Nígbà tí Palmer jáde ní túbú, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sí. Àwọn méjèèjì kò lè fohùn ṣọ̀kan mọ́. Àwọn onílàjà dá sí i, B. J. san iye tó lé díẹ̀ ní dọ́là 2,000 fún bàbá rẹ̀, ó sì fún un ní díẹ̀ nínú àwọn ìwé àti eegun tí ó fi ń kọ́ni. Bí olùdásílẹ̀ ṣe kúrò nílé ara rẹ̀ nìyẹn.

Palmer lọ sí Medford ní Oklahoma, ó tún padà sí ìdí ìsọ̀ oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tó ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, tó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀, The Chiropractor's Adjuster, jáde ní ọdún 1910. Ìwé náà kún fún èébú sí ọmọ rẹ̀ àti sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1911, ó kọ lẹ́tà kan níbi tó ti rò ó bóyá kí wọ́n sọ chiropractic di ẹ̀sìn, kí òfin lè fi wọ́n sílẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn tó dá ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò di ṣíṣe.

B. J. ní tirẹ̀ mọ bí a ti ń polówó ọjà. Ó mú ẹ̀rọ X-ray wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1910, ó sì ra ilé iṣẹ́ rédíò WOC ní ọdún 1922. Abẹ́ rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi ìtàn Lillard ṣògo ti ń kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí Lillard bá ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọn ìbá ti dá a padà.

Ikú rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1913, Palmer wá sí Davenport nígbà àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọn kò fi í sí ipò iwájú tí ó rò pé ó tọ́ sí òun nínú ìwọ́de wọn, òun àti ọmọ rẹ̀ sì ṣe gbólóhùn asọ̀ ní ojú pópó. Àwọn kan sọ pé ọkọ̀ B. J. gbá a lọ́jọ́ náà. Ó padà sí Los Angeles ní California, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ní ẹni ọdún 68. Ibà táífọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ sínú ìwé ikú rẹ̀. Àwọn tó ń mójú tó ogún rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ìjàǹbá ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 1913 yìí kan náà ni ìpínlẹ̀ Kansas di àkọ́kọ́ tó fi òfin fọwọ́ sí iṣẹ́ chiropractic. Louisiana ni ó kẹ́yìn, ní ọdún 1974.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn láti má bá àwọn oníṣẹ́ chiropractic ṣe pọ̀. Chester Wilk àti àwọn mìíràn pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 1976, adájọ́ Susan Getzendanner sì dá Wilk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láre ní ọdún 1987.

Ẹ̀kọ́ Palmer àti ẹ̀yìn ríro lónìí

Nínú gbogbo ohun tí Palmer sọ pé òun lè wò, ẹ̀yìn ríro ni ìwádìí gbè díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé 619 mílíọ̀nù ènìyàn ni ìbàdí ń ro ní ọdún 2020. Ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2023 fún ìbàdí ríro tó ti pẹ́ lára fi títi ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́wọ́ sí ara ohun tí a lè lò, pẹ̀lú eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ara. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu: ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti eré ìdárayá tí olùkọ́ni tó mọṣẹ́ ń tọ́ni sọ́nà lé lórí. Nípa àìgbọ́ràn, àìsàn àyà, ikọ́ fée àti àwọn irú wọn, kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àlàyé tí Palmer ṣe nípa ìdí tí ara fi ń tù ènìyàn kò dúró mọ́. Ìró pà tí a ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ti ẹ̀yìn kì í ṣe ti eegun tó ń padà sí àyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni. Fọ́tò X-ray kì í fi eegun tó ti yẹ̀ hàn lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀yìn ń ro, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ríro ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá wà nítòsí nígbà náà ni yóò sì gba ọpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí iṣẹ́ kòkó àti ọkọ́ ti ń tẹ ẹ̀yìn àgbẹ̀ ba, láti Ọ̀tan-Ilé dé Ìbòkun àti Iléṣà. Ẹni tí làkúrègbé bá mú níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi òrí tàbí àdín ra ìbàdí, ó sì lè lọ bá onísègùn tó ń to eegun, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí irú ohun tí Palmer ń ṣe. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó jẹ́ ẹ̀ka ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn onímọ̀ físíò ni ó ń ṣe irú ìtọ́jú àfọwọ́ṣe yìí pẹ̀lú eré ìdárayá.

Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn tí a kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ inú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, àrùn jẹjẹrẹ náà sì lè dé ibẹ̀. Eegun tí wọ́n ti jẹ lè wó bí a bá tì í, ó sì lè rọ ẹni náà lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro pẹ̀lú ibà, tí ó ń rù, tí ó ń làágùn lóru, tàbí tí ó ṣubú láti orí igi, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Bí itan tàbí abẹ́ bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kò ṣé dá dúró, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ti ọrùn lágbára ju ti ìbàdí lọ: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yíyí ọrùn lójijì ti bá fífàya òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ rìn, èyí tó lè fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Palmer dá sílẹ̀ ṣì wà ní òpópónà Brady ní Davenport. Ọmọ B. J., tí orúkọ òun náà ń jẹ́ David Daniel Palmer, ni ó gba àkóso rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1961.